Land Cruiser 2002 mi tó ń mu epo: bí mo ṣe gbé e kúrò ní lítà 20.8 wá sí lítà 17.2 ní kìlómítà 100

Ọkọ̀ náà rèé: Land Cruiser 100, ọdún 2002, ẹ́ńjìnnì V8 oní lítà 4.7, jíà ọtọmátíìkì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, táǹkì tó ń gba lítà 96, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọnú ẹ̀. Ó ti rin kìlómítà 287,000 nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gan-an, mi ò sì fẹ́ tà á, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá yà sílé epo ni ọkàn mi máa ń bàjẹ́. Irú ọkọ̀ báyìí ò lè mu epo bíi mọ́tò kékeré láéláé, irin tó ń wọ́ kiri ti pọ̀ jù, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì sì ń yí nígbà gbogbo. Ohun tí mo ń wá ni pé kí n mọ èyí tó jẹ́ ìwà ọkọ̀ àtèyí tó jẹ́ àìsàn tí ọjọ́ orí àti àìbójútó kó bá a. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́jọ, gbogbo ẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé kékeré kan tí mo ń jù sínú àpótí iwájú ọkọ̀, inú ẹ̀ ni mo ti ń da èyí kọ.

Irinṣẹ́ tí mo lò: jáàkì àti sítáǹdì méjì, sípánà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, géèjì táyà, ẹ̀rọ sikáànù OBD2 kékeré tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń rí, tó sì ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Bluetooth, ìbọn tó ń wọn ooru, ìkòkò omi kan, tẹmómítà.

ÌPELE 1: Wíwọn epo

Ibí ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Ó tó ọdún kan tí mo fi ń wo ọwọ́ géèjì lójú dáṣíbọọ̀dù tí mo ń pariwo pé epo ti tán, ọwọ́ géèjì ò ṣeé gbé ìṣirò lé rárá. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kún táǹkì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kún un tí mo fi ṣírò, ìyẹn náà ò dáa, torí ẹnu páǹpù lè ta nígbà tí àyè lítà méjì tàbí mẹ́ta ṣì kù nínú táǹkì ńlá báyìí, ìyàtọ̀ yẹn nìkan sì lè tàn yín jẹ.

Bí mo ṣe wá ń ṣe é nìyí: mo kún táǹkì títí ẹnu páǹpù á fi ta lẹ́ẹ̀kíní, mi ò ní fi ẹyọ kan kún un, mo kọ nọ́ńbà mítà sílẹ̀, mo wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ àti ibi tí mo máa ń lọ lópin ọ̀sẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe é, tó bá ti kù díẹ̀ mo tún padà kún un ní páǹpù kan náà. Lítà tó wọlé, ẹ pín in sí kìlómítà tẹ́ ẹ rìn, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kẹ́ ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó gba nọ́ńbà kankan gbọ́.

Táǹkì kìíní: kìlómítà 312, lítà 68.4
Táǹkì kejì: kìlómítà 298, lítà 66.1
Táǹkì kẹta: kìlómítà 340, lítà 73.8

Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ kìlómítà 950 lórí lítà 208.3, ìyẹn lítà 21.9 ní kìlómítà 100.

Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe òótọ́ o. Ẹni tó ni ọkọ̀ yìí ṣáájú mi ti fi táyà ńlá 285/75R16 sí i dípò 275/70R16 tí ọkọ̀ náà bá wá. Táyà tó ga ń rìn jìnnà ju èyí tó kéré lọ ní yíyí kan, mítà ò sì mọ̀, iye yíyí ló ń kà. Mo gbé fóònù mi síwájú mo tan GPS, mo rìn títí mítà fi ka 100, fóònù sì sọ pé 105.3 ni mo rìn. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín, gíga táyà ńlá yẹn jẹ́ mìlímítà 834, ti èyí tí ọkọ̀ bá wá jẹ́ 791, ó bára mu. Ìyẹn ni pé kìlómítà 950 yẹn ti ju 1,000 lọ díẹ̀, lítà 20.8 ni ọkọ̀ mi ń mu ní tòótọ́. Nọ́ńbà 20.8 yìí ni mo gbé gbogbo yòókù lé.

ÌPELE 2: Àwọn nǹkan tí mo rà kí n tó wádìí

Oògùn fífọ nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, irú èyí tí wọ́n ń dà sínú epo, ìgò méjì. Ẹ́ẹ̀fílítà tuntun. Pílọ́ọ̀gì mẹ́jọ.

Oògùn yẹn ò ṣe nǹkan kan tí mo lè rí nínú ìwé mi. Ẹ́ẹ̀fílítà náà, òótọ́ ni pé ó ti dọ̀tí, àmọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń lo kọ̀ǹpútà máa ń wọn afẹ́fẹ́ tó wọlé kó tó fún un lépo, tí afẹ́fẹ́ bá dín, epo náà á dín, agbára ọkọ̀ lẹ ó pàdánù kì í ṣe epo. Pílọ́ọ̀gì ni mi ò kábàámọ̀, àlàfo ẹnu ẹ̀ yẹ kó jẹ́ mìlímítà 1.1, èyí tí mo yọ ti fẹ̀ dé 1.3, méjì nínú wọn tiẹ̀ dé 1.4. Ẹ́ńjìnnì wá ń dún jẹ́jẹ́ tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan. Nínú epo, 20.6. Ìyàtọ̀ bíńtín báyìí, ẹnu páǹpù nìkan lè fà á, mi ò kà á sí èrè.

Ẹ fetí sí èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é: ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, torí álúmíníọ̀mù ni orí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá yọ pílọ́ọ̀gì nínú gbígbóná ẹ lè ba ojú ìdè jẹ́. Bákan náà, rọ́bà tó di wáyà kọ́ìlì (èyí tó ń fún pílọ́ọ̀gì ní iná) mú ti gbẹ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ lẹ́yìn ogún ọdún nínú ooru, mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀kẹta, mo gbọ́ "pá", ó já sí mi lọ́wọ́. Okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń di wáyà ni mo fi dè é di òní. Àwọn yòókù, mo kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gbígbẹ irun fẹ́ ooru sí wọn kí wọ́n rọ̀ kí n tó tẹ̀ wọ́n, ìkankan ò já mọ́.

ÌPELE 3: Ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná tó

Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti náwó yẹn tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ra sikáànù, mo ti ṣe é sẹ́yìn, òun ló yẹ kí n kọ́kọ́ rà. Iná kankan ò tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, ọwọ́ géèjì ooru sì dúró síbi tó ti máa ń dúró. Mo so sikáànù mọ́ ọn mo gba títì márosẹ̀, ooru omi radiétọ̀ ka 68 ní dígírì Celsius. Mo sọ̀kalẹ̀ òkè kan, ó bọ́ sí 61. Ẹ́ńjìnnì yìí, 82 ni tẹmósítáàtì ẹ̀, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dí omi radiétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi yá, yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí. Ìyẹn ni pé ìlẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu látọjọ́ yìí, omi tútù ń wọlé ṣáá, kọ̀ǹpútà sì rò pé ẹ́ńjìnnì ò tíì yá, ó ń fi epo kún epo. Èyí tó tún burú jùyẹn ni pé tí omi bá tutù, jíà náà kì í lọ́ọ̀kù lórí eré, ìyẹn ni pé kì í di ẹ́ńjìnnì mú pátápátá, ó máa ń yọ̀. Mo ti rí i pé ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 2,400 ní ìṣẹ́jú kan tí mo bá wà lórí kìlómítà 100 ní wákàtí kan, mo rò pé bó ṣe rí nìyẹn.

Mo fa omi radiétọ̀ sínú bàsíà tó mọ́, bíi lítà mẹ́fà, mo tú ilé tẹmósítáàtì tó wà níwájú nísàlẹ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́ta péré ni. Nígbà tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo gbé e sójú oòrùn: èérún gọ́ọ̀mù pupa kan, irú èyí tí wọ́n fi ń di gásíkẹ́ẹ̀tì, kò ju èékánná ìka kékeré lọ, ló há sáàárín ojú ìlẹ̀kùn àti ètè ẹ̀. Tẹmósítáàtì ò kú. Ẹnì kan ló fi gọ́ọ̀mù púpọ̀ sí i nígbà tó ń tún nǹkan míì ṣe, ó já, omi sì gbé e wá síbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ mo ń wò ó. Nǹkan kékeré yẹn ló ti ń bá mi mu epo látọjọ́ pípẹ́.

Mo ṣì rà tuntun, torí sípíríìnì èyí tó wà níbẹ̀ ti dàgbà. Àṣìṣe tún dé: èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ó dára lójú, àmọ́ mo gbé e sínú ìkòkò omi lórí iná pẹ̀lú tẹmómítà, 76 ló ti ṣí, kò sì ní fáàfù kékeré tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde. Mo dá a padà. Èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní 82 géérégé, nígbà tó fi máa dé 95 ó ti gbéra sókè ju mìlímítà 10 lọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ má fi tẹmósítáàtì kankan sọ́kọ̀ láì kọ́kọ́ sè é nínú omi, iṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni.

Tẹ́ ẹ bá ń fi í sí i, fáàfù kékeré yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Mo ṣe ìyẹn dáadáa, àmọ́ mo kánjú ní ti omi, mo rọ ọ́ kún lójú ẹsẹ̀ mo dé e mo gbéra. Kò ju iṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí fóònù ń ka 97, 101, hítà sì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Hítà tó ń fẹ́ tútù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń hó, afẹ́fẹ́ ló há sínú páìpù. Mo pa á ní 104. Mo dúró ju wákàtí kan lọ kó tutù kí n tó fọwọ́ kan ìdérí radiétọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣí i nínú gbígbóná, omi yẹn á bó èèyàn. Mo wá gbé imú ọkọ̀ sókè lórí ibi tó ga, mo ṣí hítà dé òpin, mo fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo tan ẹ́ńjìnnì, mo ń fọwọ́ fún họ́ọ̀sì òkè díẹ̀díẹ̀ bí èèyàn ṣe ń fún aṣọ, afẹ́fẹ́ ń hó jáde gùdùgùdù, ó tún gba omi tó máa tó lítà méjì kó tó dákẹ́.

Látìgbà yẹn, 84 sí 88 ló ń dúró sí lórí títì. Ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀ láti 2,400 sí 2,150 nígbà tí jíà lọ́ọ̀kù, mo gbọ́ ọ létí kí n tó rí i lójú. Táǹkì mẹ́ta: 19.3. Owó tẹmósítáàtì yẹn ò tó ti pílọ́ọ̀gì mẹ́jọ rárá.

ÌPELE 4: Bíréèkì tó ń di ọkọ̀ mú

Tí mo bá wà lórí títì tó tẹ́jú tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọkọ̀ yìí máa ń dúró kíá, mo sì ti gbà pé ìwúwo ẹ̀ ni. Ìwúwo ló yẹ kó máa gbé e lọ tẹ́ ẹ bá rò ó. Mo rin ọgbọ̀n kìlómítà, mo jẹ́ kó fúnra ẹ̀ rọra dúró láì tẹ bíréèkì púpọ̀, mo bọ́ọ́lẹ̀ mo na ìbọn ooru sí díìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin:

iwájú òsì 64, iwájú ọ̀tún 66, ẹ̀yìn òsì 57, ẹ̀yìn ọ̀tún 118.

Ẹ̀yìn ọ̀tún. Mo fi nǹkan ti táyà iwájú, mo gbé ẹ̀yìn sókè sórí sítáǹdì méjì, jíà wà ní nútírà, háńdíbíréèkì wà nílẹ̀, mo fọwọ́ yí táyà. Tòsì yí lọ bó ṣe yẹ, tọ̀tún ò tó ìlàjì kó tó dúró, ó sì ń han "ṣẹ̀ẹ̀" bí ẹni ń pọ́n ọ̀bẹ. Mo tú kálípà, ẹ̀rọ tó ń fi páàdì fún díìsì mọ́ra, píìnì méjì ló gbé e, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti gan mọ́nú ihò, ó lé ní wákàtí kan kí n tó fi pílíà àti epo tó ń tú ìpẹtà yí i jáde. Ó ti pupa bí ata. Páàdì inú ti fẹ́ẹ́rẹ́ tó mìlímítà 3, tòde ṣì ku 8, ibẹ̀ lẹ ti máa ń mọ̀ pé píìnì ti gan.

Mo fi sáńdípépà dídán fọ píìnì, mo fọ ihò, mo fi gírísì lásán kan tó wà nílé pa á, mo kó o padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo ẹ̀ fi dáa, mo tún na ìbọn sí i, 103. Gírísì lásán máa ń jẹ́ kí rọ́bà tó bo píìnì wú, rọ́bà tó wú ló tún wá di píìnì mú. Mo tú u lẹ́ẹ̀kejì, mo ra rọ́bà tuntun, mo lo gírísì sílíkóònù tó jẹ́ ti bíréèkì, mo pààrọ̀ páàdì ẹ̀yìn méjèèjì. Ní báyìí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò fi ju 10 lọ yàtọ̀ síra. Epo: 18.6.

ÌPELE 5: Táyà

Géèjì sọ pé afẹ́fẹ́ táyà mi fi psi 7 dín sí iye tí wọ́n kọ sára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Mo máa ń wò wọ́n lójú, táyà ńlá báyìí kì í hàn lójú pé afẹ́fẹ́ ti dín. Ní àárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, torí tó bá ti gbóná nọ́ńbà á gòkè.

Táyà náà sì ti gbó, nítorí náà mo padà sí 275/70R16, irú èyí tí wọ́n ṣe fún títì, ó fúyẹ́ ju táyà ẹrẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ. Táǹkì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀, kìlómítà 402, lítà 70.6, mo ṣírò ẹ̀ mo rí 16.7, mo pariwo, mo pe àbúrò mi sórí fóònù. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rántí pé mo ṣì ń sọ kìlómítà di ìlọ́po 1.053 bí mo ṣe ń ṣe é fún táyà ńlá, bẹ́ẹ̀ mítà ti ń ka òótọ́ báyìí. Òótọ́ ibẹ̀ ni 17.6. Ó ṣì dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ìwọ̀n táyà, ẹ tún fi GPS yẹ mítà yín wò kẹ́ ẹ tó yọ̀.

ÌPELE 6: Ẹrù orí ọkọ̀, àti eré

Irin ńlá kan wà lórí òrùlé, àkàbà wà lórí ẹ̀, táyà àfipamọ́ kejì náà wà lórí ẹ̀. Mi ò rántí ìgbà tí mo lo ìkankan. Mo tú gbogbo ẹ̀, bóòtù mẹ́jọ, ariwo tí atẹ́gùn ń pa lókè orí mi náà bá a lọ.

Lẹ́yìn náà mo ṣe ìdánwò kan tí mi ò ní gbàgbé. Ọ̀nà kan náà ni, àlọ àti àbọ̀ kìlómítà 240, ọjọ́ méjì tójú ọjọ́ jọra. Ọjọ́ kìíní mo fi eré sí 110, lítà 39.4, ìyẹn 16.4 ní kìlómítà 100. Ọjọ́ kejì mo fi sí 90, lítà 33.4, ìyẹn 13.9. Lítà mẹ́fà gbáko! Àkókò tí mo fi ṣòfò ò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Atẹ́gùn ni gbogbo ẹ̀, ọkọ̀ yìí ga ó sì fẹ̀ bí ògiri, agbára tí atẹ́gùn fi ń tì í padà máa ń di ìlọ́po mẹ́rin tẹ́ ẹ bá fi eré di ìlọ́po méjì. Kò sí nǹkan tí mo fi sípánà tú tó fún mi ní irú èrè yẹn. Ní báyìí 95 ni mo ń sá tí mi ò bá ní ìkánjú.

Nǹkan kan tí mo jáwọ́ nínú ẹ̀ ni fífi jíà sí nútírà tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè. Tí jíà bá wà níbi tó yẹ tẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, kọ̀ǹpútà máa ń gé epo pátápátá torí táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì, ní nútírà ó ní láti máa fún un lépo kó má bàa kú, bíréèkì nìkan ló sì kù tó ń di tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ yẹn mú.

ÌPELE 7: Díẹ̀díẹ̀ tó ṣẹ́ kù

Mo fọ sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ pẹ̀lú oògùn tirẹ̀, kò yí nǹkan kan padà. Sikáànù sọ pé kọ̀ǹpútà ń fi epo kún un ní ìdá 14 nínú 100 tí ọkọ̀ bá dúró, àmọ́ ìdá 3 péré tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 2,500, tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé. Họ́ọ̀sì kékeré kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ló ti ya, mo gé ibi tó ya mo fi ìyókù wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ ń dún dáadáa sí i, èrè epo ò tó nǹkan.

Ìṣirò ìkẹyìn, táǹkì mẹ́ta, ọ̀nà tí mo ti ń gbà láti ìbẹ̀rẹ̀: kìlómítà 1,214, lítà 208.8. Ìyẹn 17.2. Nínú ẹgbẹ̀rún kìlómítà kan, lítà 36 ni mi ò rà mọ́.

Ìwé ò tíì parí. Bíárìnnì táyà iwájú òsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn díẹ̀ tí mo bá gba kọ́nà apá ọ̀tún, òun ni mo máa tú lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti na ìbọn ooru sí i láàárọ̀ yìí, 71, ọ̀tún 63.